Èmi ni mo bu òróró sínú ìgò ìjánu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí. Mi ò mọ̀wé. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́ sórí tẹlifóònù rẹ̀, òun náà ló sì máa ń ka ọ̀rọ̀ àwọn tó ń mú ẹjọ́ ara wọn wá síbí sí mi létí. Ó ti di ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń ru ẹrù kan. Ọkọ mi kú láìmọ ohun tí mo ṣe sí i. Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sí òní, ọkùnrin kan máa dọ̀bálẹ̀ ní àgbàlá wa níwájú gbogbo ẹbí, yóò tọrọ àforíjì lórí ohun tí ọwọ́ mi ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé, ní àdúgbò Houinmè. Ọkọ mi, Bàbá Sàkírù, ọkọ̀ àtijọ́ ló máa ń tún ṣe. Kì í ṣe ọkọ̀ tí ayé ń gùn báyìí. Àwọn Pijó tó ti wà kí wọ́n tó bí òun fúnra rẹ̀ ni, tí àwọn ènìyàn ti pa tì, tí adìẹ ń yé sí nínú. Ó rí ọ̀kan rí lọ́nà Avrankou, igi ti hù gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọnú. Ó gé igi náà, ó gbé ọkọ̀ wálé, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó gbéyàwó.

Ẹ̀yìnkùlé wa ni gáráàjì rẹ̀, abẹ́ páànù. Tó bá tú ọkọ̀ palẹ̀, agolo tòmátò ló máa ń kó àwọn nọ́ọ̀tì sí, ibi kọ̀ọ̀kan lára ọkọ̀ ní agolo tirẹ̀, á sì fi èédú sàmì sí i, nítorí òun náà kò mọ̀wé. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sún agolo kan kúrò níbi tó wà.

Òun àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ìyá kan náà ló bí wọn. Mi ò ní dárúkọ àbúrò yìí fún yín. Ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé mi wọlé, ìyàwó ilé kì í sì í pe irú wọn lórúkọ. Dúdúyẹmí ni mò ń pè é. Òun náà ń pè mí ní Ìyàwó títí dòní, pẹ̀lú bí mo ṣe darúgbó tó yìí.

Ọkọ mi ló mọ ẹ́ńjìnnì. Dúdúyẹmí ló mọ ìjánu ọkọ̀. Á bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó tẹ ìjánu wò, ó ní àtẹ́lẹsẹ̀ òun ló ń gbọ́ ohun tí irin ń sọ. Ọkọ mi á ní, "Ẹ wo dókítà tí kò ní bàtà." Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti iwájú ilé.

Iwájú ilé yẹn ni mo ti ń ta ẹ̀sáǹsì kpáyò, epo ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé gba ẹnu ààlà Kraké wọlé láti Nàìjíríà. Inú ìgò ni mò ń tà á sí. Mo sì ń ta òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ fún àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, àwọn ọlọ́ zémijàn wa. Lọ́jọ́ kan, mo gbé ìgò kpáyò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ mi ti ń fi iná jó irin. Iná mú páànù. A rí i pa, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ṣùgbọ́n ọkọ mi búra níwájú àbúrò rẹ̀ pé bí òun bá tún rí ẹsẹ̀ mi nínú gáráàjì náà, kí n máa lọ sílé bàbá mi. Kì í ṣe ẹni tó ń búra ṣeré.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí, ti tísà àgbà kan ni, ọmọ Àgùdà. Bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Ó tó ọdún méjì tí wọ́n fi wà lórí rẹ̀. Ìjánu ló kù. Wọ́n ti wá rọ́bà tuntun rẹ̀ títí dé Kútọnu. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló lọ ra òróró ìjánu ní Kraké, ó dà á sínú ìgò funfun kan, ó fi èédú fa ìlà sára ìgò náà níbi tí òróró dé, ó fi ìwé dí ẹnu rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Àwọn méjèèjì ti lọ kírun. Ọlọ́ zémijàn kan dé, ó ń kánjú, ó fẹ́ ẹ̀sáǹsì, ó ní kí n rọ ọ́ sínú ìgò fún òun kí òun máa gbé e lọ. Ìgò mi ti tán. Mo mọ̀ pé ìgò òfìfo wà lórí pákó nínú gáráàjì. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹsẹ̀ kan péré ni, màá wọlé, màá jáde.

Etí ìró mi ló kọ́ pákó náà. Ìgò òróró ìjánu ṣubú. Kò fọ́. Ìwé ẹnu rẹ̀ ló yọ, òróró sì dà sínú yanrìn. Kí n tó gbé e dìde, ohun tó kù níbẹ̀ kò ju ìka méjì lọ.

Mo dúró. Ilé bàbá mi ni mò ń rò. Mo ronú ohun tí àwọn ìyàwó àwọn ẹ̀gbọ́n mi máa sọ tí wọ́n bá rí mi pẹ̀lú ẹrù lórí. Mo wá ní lọ́kàn mi pé ṣebí òróró ni gbogbo rẹ̀. Mo bu nínú òróró ẹ́ńjìnnì tí mò ń tà, tuntun ni, àwọ̀ wọn jọ ara wọn. Mo bù ú títí ó fi kan ìlà èédú. Mo fi yanrìn bo ibi tó dà sí, mo gbálẹ̀. Mo ta ọjà mi fún ọlọ́ zémijàn náà. Ó tiẹ̀ ṣàdúrà fún mi kó tó lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé òróró ẹ́ńjìnnì máa ń ba rọ́bà ìjánu jẹ́. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, bóyá mi ò bá ti sọ ọ́ tipẹ́.

Lọ́jọ́ kejì mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ilé ìdáná. Mo gbọ́ tí Dúdúyẹmí sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, òróró yìí ki díẹ̀ o."

Ọkọ mi dá a lóhùn pé, "Ti ẹnu ààlà nìyẹn. Ṣé gbogbo ìgbà ló máa ń rí bákan náà? Dà á sí i, jàre."

Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀wà wà lọ́wọ́ mi. Mo lè pariwo láti ibi tí mo jókòó sí. Ó dà á sí i.

Ọkọ̀ náà rìn, ó sì ń dúró tí wọ́n bá ní kó dúró. Wọ́n gbé e yí ká Houinmè, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e. Mo ní Ọlọ́run ti bò mí láṣìírí. Ọjọ́ kejìlá ni ọkọ mi wọ aṣọ tó dáa, ó fẹ́ lọ fi ọkọ̀ náà lé tísà lọ́wọ́. Ibi tí ọ̀nà ti dagẹ̀rẹ̀ lọ sí ọ̀sà ni ó ti tẹ ìjánu, tí kò sí ohunkóhun lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin ń kọjá níwájú. Ó yí ọkọ̀ wọ gọ́tà, ó fi kọ lu ògiri. Apá ọ̀tún rẹ̀ ló há sáàárín irin ọkọ̀. Wọn ò gé e, ṣùgbọ́n àwọn ìka rẹ̀ ò dì mọ́ ohunkóhun mọ́ títí ó fi kú. Kò tún di irinṣẹ́ kankan mú. Èmi ni mò ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ nígbà àkọ́kọ́, omijé á máa bọ́ lójú rẹ̀, á sì máa bú mi pé kí n má wo òun.

Ọ̀gá kan tó mọ iṣẹ́ ló tú ìjánu náà wò. Ó ní rọ́bà inú rẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ó ní òróró tí wọ́n dà sí i kì í ṣe ti ìjánu.

Ọkọ mi ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ wá síbi ibùsùn. Ó ní, "Kí lo dà sí i?"

Dúdúyẹmí ní, "Ohun tó wà nínú ìgò yín ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló ń wọ ibẹ̀ bí kò ṣe èmi àti ìwọ?"

Èmi ni mò ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i lára. Kò sẹ́ni tó wo ojú mi. Èmi ni wọ́n lé kúrò níbẹ̀, kò sí ẹni tó lè rò mí sí i.

Ohun tó mú un burú ni pé Dúdúyẹmí ti ń sọ ọ́ lóṣù yẹn pé òun fẹ́ dá gáráàjì tòun sílẹ̀. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ líle síra wọn lórí rẹ̀. Ni ọkọ mi bá gbà pé ó fẹ́ ba òun lórúkọ jẹ́ kó tó lọ. Ó lé e. Gbogbo Àjàṣẹ́ tó mọ̀ wọ́n gbọ́ ọ. Ta ló máa gbé ọkọ̀ fún ẹni tó ba ìjánu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́? Ó kó lọ sí Kraké. Ẹrù àwọn oníṣòwò ló ń fi ọmọlanke tì kọjá ààlà títí ara rẹ̀ ò fi gbé e mọ́.

Mo ní tí apá ọkọ mi bá jinná, màá sọ. Mo tún ní ó di ìgbà tí Sàkírù bá gbéyàwó. Lẹ́yìn náà mo ní jẹ́ kí ọmọ tó wà nínú ìyàwó rẹ̀ wáyé ná. Ẹ jọ̀ọ́, bí ọdún ṣe ń lọ nìyẹn. Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dé, Dúdúyẹmí wá láti Kraké wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkọ mi kọjú sí ògiri. Èmi ni mo sin Dúdúyẹmí dé ẹnu ọ̀nà, mo sì ní kó má bínú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé òkú jáde, Sàkírù ọmọ mi fi ọwọ́ tì í láyà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọwọ́ tó pa iṣẹ́ bàbá òun kò ní bu yẹ̀pẹ̀ sí i lára. Ọkùnrin náà jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, òun àti bàtà rẹ̀ tó já. Mo rí i láti ojú fèrèsé. Mi ò jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló wá bá mi fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Sàkírù wà nílé, ìyàwó rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, mo ti rò ó títí. Bóyá èmi ni. Ó lè jẹ́ pé ìgò míì ni mo mú tí mi ò wò ó. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi, ó ti wá dà bí ẹni pé mò ń rí ọwọ́ ara mi tó ń ṣe é. Ẹ bá mi dárí jì mí ní orúkọ ẹ̀gbọ́n."

Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, "Mo ti forí jì yín, Dúdúyẹmí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo dárí jì í. Sàkírù bú sẹ́kún, ó dì mọ́ ọn. Wọ́n ní kó wá lọ́jọ́ àdúrà ọdún kan ọkọ mi, kó tọrọ rẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí, kí ọ̀rọ̀ náà lè parí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wọkọ̀ lọ sí Kraké láti lọ sọ fún un. Mo bá a tó ń fi ọṣẹ fọ aṣọ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ àdúrà. Ó ní kí n jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti forí ji òun ni òun ti ń sùn. Ó ní Sàkírù ti ṣèlérí láti jẹ́ kí òun tún fẹsẹ̀ tẹ ìjánu ọkọ̀ wò nínú gáráàjì ẹ̀gbọ́n òun. Mo jẹ ẹ̀kọ tó fún mi, mo padà sílé.

Ọmọ tó ń bá mi kọ èyí, Sàkírù ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ìgò, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí tẹlifóònù. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ. Ó ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi mọ́.

Tí mo bá dákẹ́, ẹni tí kò ṣẹ̀ máa dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀, èmi ni wọ́n á sì fi sórí àga. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ó máa mọ̀ pé ọdún mẹ́rìndínlógún tó fi jìyà ní Kraké, lórí òfo ni, àti pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ì bá tún bá a rẹ́rìn-ín kó tó kú. Ọmọ mi máa mọ ẹni tí òun fi ọwọ́ tì láyà, yóò sì mọ ẹni tí òun ń pè ní ìyá. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Mo mọ àwọn tó yẹ kí n bẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti wà nínú ilẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ṣé ojú gbogbo ẹbí ni kí n ti sọ ọ́ ni, tàbí kí n padà lọ bá a ní Kraké kó tó gbéra? Tí ẹ bá ní kí n sọ ọ́, ẹ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti wá a títí, mi ò rí i.