Òṣùwọ̀n Tí Mo Fi Tan Ọkọ Mi Jẹ

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ìgbà tí mo ṣì ń pọn àbíkẹ́yìn mi ló ṣẹlẹ̀, ọmọ náà ti ń lọ sílé kéú báyìí. Ǹ bá má sọ ọ́ rárá, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí nílé wa lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá ti pọ̀ jù fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Mẹkáníìkì ni ọkọ mi, ní Ọ̀jọ́ níbí. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n láti Ọ̀tọ̀ títí dé Ibà, ẹ ò lè rí ẹni tó mọ irin tó o. Ọwọ́ ló fi ń wọn nǹkan. Yóò fa sípánà, yóò dijú, tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti gbọ́ ohun tó ń retí lára irin, ó parí nìyẹn. Èmi ni mo kàwé, nílé ìwé ìjọ, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ìyá Akọ̀wé làwọn obìnrin àdúgbò ń pè mí. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi mí ṣe, àmọ́ ó máa ń dùn mọ́ mi.

Ọ̀gá kan tó ń ṣòwò àgbọn ra lọ́rì tuntun, ìlú àwọn Jámánì ni wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí sítíárì rẹ̀ ń gbọ̀n, ó gbé e wá fún ọkọ mi. Ó ní èyí kì í ṣe ti ọwọ́ lásán. Ó mú ìwé lọ́rì náà dání, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì mú sípánà kan tó ní ojú bí aago, tó ń fi bí èèyàn ṣe fà á lágbára tó hàn. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni sípánà yẹn. Ó wá dúró lé wa lórí bí ọlọ́pàá.

Ọkọ mi wà lábẹ́ lọ́rì. Èmi jókòó sórí àpótí, ìwé wà lórí itan mi.

“Ìyá Ràfíù, mélòó ni wọ́n ní kí n fún nọ́ọ̀tì tó di apá sítíárì mú?”

Mo rí ogún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó tẹ̀ lé ogún náà kì í ṣe èyí tí mo mọ̀ nínú àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti kà fún un rí. Mi ò rí irú rẹ̀ rí láyé mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ó yẹ kí n sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀gá alágbọn ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn mí tán ni, ọkọ mi náà sì ti fi mí yangàn pé ojú ìyàwó òun ni ojú òun. Ojú tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀.

Mo ní, “Ogún ni. Ogún ti sípánà yẹn gan-an.”

Ó fà á, ó dúró. “Ó kéré o. Ọwọ́ mi ò gbà á. Ṣé ó dá ẹ lójú?”

Mo jágbe mọ́ ọn: “Èwo nínú àwa méjèèjì ló mọ̀wé? Ohun tí wọ́n kọ ni mo kà fún yín.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Mo rí ọkọ mi tó tún rọra fa sípánà náà díẹ̀ sí i, bí ẹni tó ń jí ẹran jẹ, kó tó jáde.

Kò pẹ́ sígbà náà, láàárín Ibà àti Òkòkòmáìkò, sítíárì ń yí lọ́wọ́ dírẹ́bà, lọ́rì ò sì yà. Ó forí sọ igi ọ̀pẹ. Sùnmọ́nù ni dírẹ́bà náà, ilé wa ló ti máa ń jẹun. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ní ọsibítù l'Ékòó. Nọ́ọ̀tì apá sítíárì yẹn ti sọnù sínú igbó, a ò rí i wò bóyá ó tú ni tàbí ó já.

Kí ọ̀gá tó wá gba ìwé rẹ̀, mo ṣí i dé ẹ̀yìn, níbi tí mi ò dé tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé lẹ́tà náà síbẹ̀. Òṣùwọ̀n tàwọn Jámánì ni. Ẹyọ kan rẹ̀ ju méje lọ nínú tàwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó yẹ kí ọkọ mi fà á kọjá ogóje lójú sípánà yẹn, mo ní kó dúró ní ogún. Mo pa ìwé dé, mo dá a padà fún olówó rẹ̀.

Nígbà tí àwọn àgbà pè wá jókòó, mo rò pé ọkọ mi máa dárúkọ mi. Ó ní, “Ẹ̀bi mi ni. Ìwé ní ogún, mo fi àgídí ọwọ́ mi lé e. Mo ti fún un jù, òun ló jẹ́ kó já.”

Mo wà níbẹ̀. Mo tẹrí ba, mi ò lanu. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, díẹ̀ tó fi kún un yẹn nìkan ló dára nínú gbogbo ohun tí a ṣe lọ́jọ́ náà.

Látìgbà náà, kò fọwọ́ kan sípánà mọ́. Igi ìdáná ló ń gé tà. Bí mọ́tò bá kú sẹ́nu ọ̀nà wa, tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó wò ó, yóò ní ọwọ́ òun ò dára.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, Sùnmọ́nù fi igi ìtilẹ̀ rìn wá sílé wa, òun àti lèmọ́mù. Sùnmọ́nù ní òun ti dárí ji ọkọ mi. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ń dúpẹ́. Sùnmọ́nù wo ojú mi, ó ní, “Ìyá Ràfíù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé wọn dìde.”

Mo gbé e dìde. Omijé rẹ̀ rin mí lápá.

Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá sọ ọ́, yóò lé mi jáde, àwọn ọmọ mi á sì gbọ́. Tí mi ò bá sọ ọ́, yóò kú pẹ̀lú ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ sọ fún mi: ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún, ẹni tí mo gba ẹsẹ̀ rẹ̀, àbí ẹni tí mo gba ọwọ́ rẹ̀?