Omi Tí Mo Mu Níwájú Ìjọ

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, mo kí yín ní orúkọ Olúwa tó jí wa lónìí. Mo dúpẹ́ pé ó dá ẹ̀mí mi sí di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, kò sì jẹ́ kí n gbé irọ́ yìí wọ sàréè. Ọ̀rọ̀ tí mo bò mọ́lẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn gbọ́dọ̀ jáde wàyí.

Ẹ rántí tírélà ìjọ wa, ilé kékeré onítáyà tí ọkọ̀ máa ń fà, tó wà lẹ́yìnkùlé Bàbá Ọládẹ̀jọ ní ìlú Brandywine lókè òkun níbí. Èmi Akínlọ́lá lẹ fi ṣe alábòójútó rẹ̀, nítorí pé mo ti ṣe iṣẹ́ páìpù omi n'Ìbàdàn. Nígbà ìsọjí oṣù karùn-ún, a gbàdúrà sí omi tó kún táńkì rẹ̀. Ìsọjí parí, omi ṣẹ́kù. Ó yẹ kí n fà á dànù, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà kí n da omi àdúrà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ nínú oòrùn fún oṣù mẹ́ta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ọmọdé wá pàgọ́ síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ, mo ṣí ẹ̀rọ omi wò. Póǹpù ń kùn, omi ń kán tó tó tó. Mo tú asẹ́ omi, mo bá ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé lára rẹ̀, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Mo mọ ohun tí mo rí. Kí n má purọ́ fún ara mi, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ojú sì ń tì mí láti sọ pé n kò tọ́jú táńkì. Mo fọ asẹ́, mo dá a padà, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Mo ní, "Póǹpù ló ń ṣe ségesège. Mo ti tún un ṣe."

Arábìnrin Tẹjúmọ́lá, nọ́ọ̀sì tó ti ẹnu iṣẹ́ wá tààrà, ló se oúnjẹ àti adìẹ fún wọn; omi táńkì ni wọ́n mu. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ọmọ mọ́kànlá ń bì. Ayọ̀kúnnúmi lo ọjọ́ mẹ́rin ní ọsibítù. Ìyá rẹ̀ sọ lójú gbogbo wa pé, "Nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ bóyá adìẹ jinná. Ṣé bó ṣe ń tọ́jú àwọn aláìsàn náà nìyẹn?" Tẹjúmọ́lá yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ má bínú o. Omi inú táńkì yẹn ńkọ́?" Mo ní, "Omi tí a gbàdúrà sí lo ń fura sí?"

Àwọn òbí gbọ́ ìbéèrè rẹ̀, wọ́n ní kí n bu omi náà wá sí ìjọ lọ́jọ́ Àìkú kí gbogbo wa lè mọ̀ bóyá ó mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí gbogbo yín wà níbi iṣẹ́, mo fa táńkì gbẹ, mo da bílíìsì, oògùn olóòórùn líle tí ń pa kòkòrò, sí i. Ìkánjú kò jẹ́ kí n ṣàn án ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo fi omi tuntun kún un. Lọ́jọ́ Àìkú, mo bu ú sínú kọ́ọ̀pù, mo mu ún tán níwájú pẹpẹ. Ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ kọrin. Tẹjúmọ́lá kúnlẹ̀, ó ń bẹ àwọn òbí nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo gbàdúrà ìdáríjì fún un. Ẹ gbọ́ o: èmi ni mo gbàdúrà ìdáríjì fún un. Láti ọjọ́ náà kò wá sí ìjọ mọ́.

Ní oṣù tó kọjá, ìyá kan ní kí n súre fún ọmọ tuntun òun. Ọwọ́ mi kọ̀, kò gbéra. Mo wakọ̀ lọ sí ilé Tẹjúmọ́lá ní Cheverly, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá, ẹ dìde jàre, àwọn aládùúgbò á rò pé ẹ ti kú, wọ́n á pe ọlọ́pàá." Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀. Nígbà tí ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí, òórùn bílíìsì ń jáde lẹ́nu yín." Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. "Ta ni ìbá gbà mí gbọ́? Ẹ̀yin ni alàgbà." Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Mo ti dárí jì yín tipẹ́, Bàbá. Àwọn ìyá yẹn ni kò tíì mọ̀ pé mi ò pa ọmọ wọn lára."

Ìyá Ayọ̀kúnnúmi, adìẹ náà jinná. Èmi ni mo fún ọmọ rẹ ní omi búburú mu. Bínú sí mi bó ti tọ́, ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, lọ kan ilẹ̀kùn Tẹjúmọ́lá. Mo ti dá oyè alàgbà padà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ tètè sọ. Ẹ má fi àdúrà bò ó.

Ìwọ tó ń ka èyí, kí Olúwa má jẹ́ kí o ru ẹ̀bi ẹlòmíràn, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ru tìrẹ. Àmín.