Níbo Ni Ẹ Fi Kọ́kọ́rọ́ Kọ̀ǹpútà Ìjọ Sí?

[Fóònù ń dún. Ọjọ́ Sátidé, aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú.]

OLÚTÓYÌN: Hẹ́lò! Church office, Thamesmead. Akọ̀wé ìjọ ló ń sọ̀rọ̀.

ENOCH: Ẹ káàárọ̀ Mummy, Enoch ni—

OLÚTÓYÌN: Bàbá ìkókó! O kú oríire o! O kú ewu ọmọ! Ọlọ́run á wò ó o!

ENOCH: Àmín, Mummy. Ẹ jọ̀ọ́—

OLÚTÓYÌN: Moráyọ̀ ti gbé ọmọ dé. Wọ́n wọ funfun, tìyá tọmọ. Ìwọ dà?

ENOCH: Mo ṣì wà níbi iṣẹ́, ní Woolwich Dockyard. Carer tó yẹ kó gba shift lọ́wọ́ mi kò tíì dé.

OLÚTÓYÌN: Lọ́jọ́ ìkómọ ọmọ tìẹ?

ENOCH: Mi ò lè fi bàbá arúgbó tí mò ń tọ́jú yìí sílẹ̀ lóun nìkan, Mummy. Tí mo bá fi í sílẹ̀, iṣẹ́ lọ, visa náà lọ. Màmá mi ńkọ́? Ṣé wọ́n ti wọlé sórí website ìjọ láti sọ ọmọ lórúkọ?

OLÚTÓYÌN: Hmm.

ENOCH: Mummy? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

OLÚTÓYÌN: Mo gbọ́. Má bínú o. Màmá rẹ wà ní Ìgbàrà-Òkè, àwa wà nílùú òyìnbó níbí, pupa wà láàárín.

ENOCH: Pupa báwo?

OLÚTÓYÌN: Screen ni. Ó ní website wa ò ní ààbò, pé àwọn olè lè máa ṣọ́ wa. Pásítọ̀ ti lọ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

ENOCH: Kì í ṣe ilẹ̀kùn, Mummy. Sátífíkéètì ló parí lánàá, ìwé tí kọ̀ǹpútà wa fi ń jẹ́rìí fún fóònù àwọn èèyàn pé àwa gan-an ni. Mo fi tuntun ránṣẹ́ sí yín láàárọ̀. Fáìlì méjì.

OLÚTÓYÌN: Mo rí méjèèjì.

ENOCH: Mo ti ní kí a gbé website yìí kúrò lórí desktop inú vestry, kí a gbé e sí cloud, sọ́dọ̀ àwọn tó ń báni tọ́jú website—

OLÚTÓYÌN: Pásítọ̀ ní òun ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú cloud títí Jésù á fi dé. Enoch, gbọ́ mi. Aago méjìlá ni a máa kúrò nínú hall fún ìjọ kejì. Wọ́n ti ń to àga sẹ́nu ọ̀nà. Tí Màmá ò bá wọlé wá sọ ọmọ lórúkọ, Pásítọ̀ ní òun á sọ ọ́ fúnra òun.

ENOCH: Orúkọ wo?

OLÚTÓYÌN: Mẹlikisédékì.

ENOCH: Ẹ̀n?

OLÚTÓYÌN: Ó ní ó sọ̀ kalẹ̀ sí òun lọ́kàn lórí bọ́ọ̀sì.

ENOCH: Mummy, ẹ ṣàánú mi! Bàbá mi kú, kò rí ọmọ yìí. Màmá mi nìkan ló kù tó lè fún un lórúkọ. Láti ìgbà tí oyún ti wà nínú ni wọ́n ti ń gbàdúrà lórí orúkọ yẹn, wọn ò sọ ọ́ fún èmi pàápàá!

OLÚTÓYÌN: Mo mọ̀, ọmọ mi.

ENOCH: Ó dáa. Fáìlì àkọ́kọ́, ṣé ẹ fi sínú folder tí mo sọ?

OLÚTÓYÌN: Ó ti wà níbẹ̀.

ENOCH: Ìkejì ńkọ́? Kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ̀? Èyí tí mo ní kí ẹ fi pamọ́ dáadáa?

OLÚTÓYÌN: Mo fi pamọ́ dáadáa.

ENOCH: Níbo?

OLÚTÓYÌN: Lọ́dọ̀ àwọn prayer warriors.

[Ariwo. Nǹkan já bọ́ sílẹ̀.]

OLÚTÓYÌN: Hẹ́lò? Enoch? Ṣé o gbọ́ mi?

ENOCH: Mummy, èèyàn mélòó ló wà nínú WhatsApp group yẹn?

OLÚTÓYÌN: Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. O ní nǹkan pàtàkì ni. Níbo la tún ń kó nǹkan pàtàkì sí?

ENOCH: Kọ́kọ́rọ́ ni! Ẹnikẹ́ni tó bá ní i lè pe ara rẹ̀ ní ìjọ wa!

OLÚTÓYÌN: Àwọn náà kúkú ni ìjọ wa. Brother Ṣùpọ̀ ti ń kà á sókè láti aago mẹ́jọ, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, a sì ń ṣe àmín. Ó lágbára gan-an.

[Ohùn bàbá arúgbó kan: "Tell her to turn it off and on again!"]

ENOCH: Thank you, Michael. Your tea is coming. Mummy, kọ́kọ́rọ́ yẹn ti bàjẹ́. A máa ṣe òmíràn. Ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

OLÚTÓYÌN: Mo ti jókòó. Lórúkọ Jésù.

ENOCH: Ẹ wo àmì tí mo kọ "TÚN UN ṢE" sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

OLÚTÓYÌN: Mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀meje.

ENOCH: Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀meje?

OLÚTÓYÌN: Ẹ̀ẹ̀mélòó ni Náámánì wẹ̀ ní Jọ́dánì?

ENOCH: Mummy—

OLÚTÓYÌN: Window méje ló ṣí.

ENOCH: Ẹ pa mẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀.

OLÚTÓYÌN: Ó ń sáré... nǹkan dúdú ń sáré... hàà, ó ti kọ "Success"! Kọ́kọ́rọ́ tuntun rèé, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Jẹ́ kí n kà á fún ẹ—

ENOCH: Ẹ má kà á! Mummy, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ohunkóhun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà yẹn jáde lónìí, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àní tí èmi gan-an bá bẹ̀ yín lórí fóònù, ẹ má sọ fún mi.

OLÚTÓYÌN: Àní ìwọ?

ENOCH: Àní èmi!

OLÚTÓYÌN: Ó ti wọ̀ mí létí. Pupa ti lọ! Mo rí àgádágodo kékeré, ó tì pa! Halelúyà!

ENOCH: Màmá ti wọlé?

OLÚTÓYÌN: Rárá. Wọ́n wà lórí fóònù mi kejì, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní sọ orúkọ ọmọ tí àwọn ò tíì fojú rí. Wọ́n ní àwọn ń kọ̀wé lọ́wọ́.

ENOCH: Ìwé kí ni?

OLÚTÓYÌN: Dúró, jẹ́ kí n gbé fóònù méjèèjì dojú kọ ara wọn.

[Ariwo híhan.]

ÌYÁ ENOCH: Àkànní!

ENOCH: Màmá mi, ẹ kú ilé. Kí lẹ̀ ń kọ?

ÌYÁ ENOCH: Kọ́kọ́rọ́ ìjọ yín. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa dé ibí. Mo ń dà á kọ sẹ́yìn Bíbélì mi kí n lè fi wọlé. Mo ti dé ìlà kẹrìnlá.

ENOCH: Ẹ fi sílẹ̀, Màmá! Ilẹ̀kùn ti ṣí. Ẹ kàn tẹ ibi tẹ́ ẹ tẹ̀ tẹ́lẹ̀.

ÌYÁ ENOCH: Ìwọ lo kọ́ mi pé tí mo bá ti rí pupa lójú fóònù, kí n má tẹ nǹkan kan.

ENOCH: Kò sí pupa mọ́. Èmi ọmọ yín ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má baà sọ ọmọ mi ní Mẹlikisédékì!

ÌYÁ ENOCH: Ta ni wọ́n fẹ́ sọ ní kí ni?!

[Igbe ayọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn.]

OLÚTÓYÌN: Ó ti wọlé! Màmá ti wọlé! Enoch, ojú wọn kún screen! Wọ́n rí ọmọ! Wọ́n ń sunkún, Moráyọ̀ náà ń sunkún—

ENOCH: Ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọn, Mummy. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ orúkọ ọmọ mi.

OLÚTÓYÌN: Dákẹ́, wọ́n ti fẹ́ sọ ọ́—

ÌYÁ ENOCH: [láti ọ̀nà jíjìn] Ọmọ tí bàbá-bàbá rẹ̀ ò dúró rí, orúkọ rẹ ni Olú— [ìlà ń já] —ọ̀— [ìlà ń já] —

[Àtẹ́wọ́. Orin.]

OLÚTÓYÌN: Yéè! Orúkọ yìí dùn! Enoch, ṣé o gbọ́ mi?

ENOCH: Mi ò gbọ́! Network já! Olú kí ni?

OLÚTÓYÌN: Pásítọ̀ gan-an ti fi aṣọ nu ojú!

ENOCH: Mummy, kí lorúkọ náà?

OLÚTÓYÌN: ...Inú kọ̀ǹpútà ló ti jáde.

ENOCH: Ẹ̀n?

OLÚTÓYÌN: O ní àní tí ìwọ gan-an bá bẹ̀ mí lórí fóònù.

ENOCH: Mummy, ọmọ mi ni! Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́!

OLÚTÓYÌN: Ó ṣe pàtàkì ju kọ́kọ́rọ́ lọ. Má dààmú, ọkàn ẹ balẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti fi pamọ́ dáad—

[Ìlà já.]