Ó Ní Òun Ti Mọ̀ Tipẹ́

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Sabon Tasha ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu obìnrin méjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tá a jọ jókòó sẹ́yìn.

Àbúrò ní, "Àǹtí, mi ò ní purọ́ fún yín. Mọ́tò ìjọba tó ń gbé ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ rí, àti bí àwọn ọlọ́pàá ṣe ń kí i ní ránkádédé lẹ́nu ọ̀nà ilé tí ìjọba fún un ní Ungwan Rimi. Ohun tó fa ọkàn mi nìyẹn."

"Ṣé ìjọba ti gba ilé náà?"

"Wọ́n ti gbà á látìgbà tíṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lánàá ló bi mí bóyá mo tiẹ̀ fẹ́ràn òun rí. Ó ní òun ti mọ̀ látọjọ́ ìgbéyàwó wa, ṣùgbọ́n òun rò pé bó bá pẹ́, ìfẹ́ á dé."

Bó bá pẹ́, ìfẹ́ á dé. Gbólóhùn yẹn ló dùn mí jù.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Haba! Ọdún mẹ́rìnlá! Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo ní kó jẹ́ kí n lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Àǹtí, mi ò gbé ọbẹ̀ kankan kaná."