Mo Tẹ Ìlú Ìsinmi Dó, N Kò Kọ́lé Síbẹ̀

Alága wa, Bàbá Ọ̀ṣuntókun, tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù yín pa ní Deira nítorí tèmi, ẹ kú ìjókòó. Alhaja Sìlífátù, onílé wa ní Al Khan níbí, ìyá tí kì í béèrè ẹ̀sìn kí wọ́n tó bu oúnjẹ, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àlejò tí ẹ wọ metro láti Al Barsha, tí ẹ tún wọ bọ́ọ̀sì wá sí Sharjah, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ̀yin ọmọ Arsenal bíi tèmi, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin ọmọ Chelsea, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, a ti rí yín. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni. Àmọ́ ṣé wọ́n rántí bó ṣe ń rí lára ẹni tí àjò dùn mọ́? Contract mi parí ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọn ò tún un ṣe mọ́, khalas, ó tán. Lọ́la ni mo máa wọ bàálù. Ẹrù mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ rí i bí ẹ ṣe ń wọlé, ẹnì kan tiẹ̀ ti jókòó lé e. Mo ti sọ fún ara mi pé n kò ní sunkún níwájú Túnjí, torí ó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dé Bur Dubai.

Bọ́ọ̀lù ló kó wa jọ. Nínú pálọ̀ yìí, níwájú tẹlifíṣọ̀n Alhaja, la ti ń pariwo mọ́ra wa. Gbogbo wa kì í sùn ká kọrí síbì kan náà: èmi Arsenal, Túnjí Chelsea, Asiat ní tirẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá ń borí lòun ń bá lọ. Àmọ́ tí oòrùn June bá dé, tí sáà bọ́ọ̀lù parí, ilé á pa rọ́rọ́. Kálukú á kọjú sí ògiri lórí bedspace rẹ̀, ibùsùn kan ṣoṣo tó háyà, á máa wo fọ́tò ilé nínú fóònù. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń bà mí lẹ́rù ju oòrùn lọ.

Gabriel, ọmọ Philippines tí a jọ ń gba àlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì, ló rí i pé mo fajú ro. Ó ní kí n wá sí Bur Dubai lọ́jọ́ Jímọ̀, pé àwọn ń ṣeré kan. Èmi wọ jẹ́sì Arsenal lọ! Mo bá wọn níbi tí wọ́n jókòó yí tábìlì ká, tí ẹnì kan ń pa ìtàn fún wọn, tó ní, "Ẹ ti dé ẹnu ihò àpáta. Kí lẹ fẹ́ ṣe?" Eré náà kò ju ìyẹn lọ. Ẹnì kan ń pa ìtàn, àwọn yòókù jẹ́ akọni inú rẹ̀, kálukú á sọ ohun tí akọni tirẹ̀ fẹ́ ṣe, dáìsì olójú ogún á sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Gabriel fi sùúrù kọ́ mi títí mo fi mọ̀ ọ́n. Gabriel, shukran, o ṣé.

Mo gbé e wá sí Al Khan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fi dírágónì kan sórí òkè, mo ní ó ti lo ẹgbẹ̀rún ọdún láyé, iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ ṣe?" Lọ́dọ̀ Gabriel, idà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ. Túnjí wò mí, ó ní, "Àǹtí Fisáyọ̀, ẹgbẹ̀rún ọdún kẹ̀? Àgbà nìyẹn now. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí wọn." Ni akọni Túnjí bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún dírágónì. Ti Asiat kúnlẹ̀. Sàká tiwa, kì í ṣe ti Arsenal o, tó ń bá wa gbé níbí nígbà náà, ní, "Bàbá, ẹ kú iná o."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìwé òfin eré kò sọ ohun tí a ń ṣe tí wọ́n bá kí dírágónì. Ṣé ó máa jó ọmọ tó kí i ni? Mo ní kó súre fún wọn. Ó súre, ó fún wọn nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè rẹ̀, wọ́n kọ́lé. A sọ ibẹ̀ ní Ìsinmi, torí bọ́ọ̀lù wà ní ìsinmi nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ dó. Bàbá Ọ̀ṣuntókun tó pè é ní eré ọmọdé ló gbé páálí ńlá wá ká fi ya ìlú náà, wọn ò sì lè wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀ kí wọ́n má béèrè pé, "Dírágónì ń kọ́?"

Mo jẹ̀bi àwọn nǹkan kan o. Lọ́sẹ̀ tí Arsenal bá jìyà, ẹranko búburú máa ń pọ̀ lọ́nà Ìsinmi, akọni Túnjí ni wọ́n sì máa ń lé. Túnjí, má bínú. Ẹnu ẹ ló ń fà á.

Nígbà tí Sàká ń lọ sílé pátápátá, a ò mọ ohun tí a máa fi akọni rẹ̀ ṣe. Túnjí ní kó kú sójú ogun, ikú ọlá. Mo ti gbé dáìsì. Alhaja bá figbe ta láti kíṣìnì: "Astaghfirullah! Sàká ṣì wà nínú bàálù, ẹ wá jókòó ẹ ń pa á! Ẹ má dán an wò!" Dáìsì bọ́ lọ́wọ́ mi. Bó ṣe di òfin wa nìyẹn: ẹni tó bá lọ sílé kì í kú ní Ìsinmi. Ó rìnrìn àjò ni. Ilé rẹ̀ á wà bó ṣe wà, a ó sì tan àtùpà síbẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ilé àtùpà ti di odindi àdúgbò báyìí. Tí Sàká bá pè láti Ìlọrin, kì í kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà wa. Á ní, "Ṣé àtùpà mi ń jó?"

Jímọ̀ tó kọjá, bí a ṣe ń tan àtùpà, mo wá ilé tèmi lórí páálí, n kò rí i. Ẹni tó ń pa ìtàn kì í ní akọni. Èmi ni òjò, èmi ni ohùn dírágónì, èmi ni oníbodè tó ń yọ Asiat lẹ́nu. Mo tẹ ìlú dó, n kò ní yàrá kan níbẹ̀. Tí mo bá lọ, ilé ta lẹ máa tan àtùpà sí? Ó dùn mí o. Àárò yín ti ń sọ mí, bẹ́ẹ̀ n kò tíì kúrò lójú yín.

Ẹ jọ̀ọ́, láti ọdún tí mo ti ń bi yín pé kí lẹ fẹ́ ṣe, ta ló ti bi mí rí? Ọ́fíìsì ò bi mí, wọ́n fi ọjọ́ ránṣẹ́ ni. Ìyá mi nílé ò bi mí, wọ́n ní kí n ṣáà máa bọ̀.

Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọlọ́run á dá yín lóhùn. Físà yín ò ní já mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ ò ní gba ìròyìn burúkú láti ilé. Ọjọ́ tí ẹ bá ń padà, ayọ̀ lẹ máa bá lẹ́nu ọ̀nà. Arsenal náà á gba ife, ẹ ṣe àmín, Túnjí, ṣe àmín!

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Ọmọ tó káwọ́ sókè ló fẹ́ kí wọ́n gbé òun. Asiat, dìde, wá gba dáìsì. Ìwọ lo máa pa ìtàn láti Jímọ̀ tó ń bọ̀. Má sunkún, yalla, ó yá, ó ti di tìẹ. Bẹ̀rẹ̀ báyìí. Sọ pé obìnrin kan wà lẹ́nu ibodè Ìsinmi pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ilẹ̀ ń ṣú lọ. Bi mí.

Ẹ gbọ́ ọ bí? Ó ní, "Àǹtí Fisáyọ̀, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

Mo fẹ́ dúró. Mo fẹ́ wọlé, kí n kọ́ yàrá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Sàká. Ẹ má yí dáìsì sí èyí, ẹ ṣáà jẹ́ kó ṣeé ṣe. Tó bá sì di ọ̀la, tí mo ti wà lókè nínú bàálù, ẹ bá mi tan àtùpà. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ará Ìsinmi.