Àtàǹpàkò Mi Ni Mo Tẹ̀ fún Sìfáwù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ kà á tán ná. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ọkọ mi ò mọ̀, pásítọ̀ mi ò mọ̀. Mi ò bá má sọ ọ́ láéláé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ẹni tí mo ṣẹ̀ wọ inú ilé mi wá.

Ọ́fíìsì kan ní Igbó Ẹfọ̀n ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ẹgbẹ́ aláàánú ni wọ́n, wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń bá àwọn aláboyún jà, àwọn òyìnbó ló sì ń fowó ránṣẹ́. Èmi ni mò ń pín owó ọkọ̀ fún àwọn aláboyún tó bá wá ṣe àyẹ̀wò ní ibùdó wa ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí. Ẹni tó bá gbowó á fọwọ́ síwèé. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ á ti àtàǹpàkò bọ íǹkì, á tẹ̀ ẹ́ síwájú orúkọ rẹ̀.

Ìwé yẹn náà ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń mọ ẹni tí kò wá. Bí iwájú orúkọ kan bá ṣófo, wọ́n á pè é lórí fóònù, wọ́n tiẹ̀ lè wá a lọ sílé. Mo mọ èyí dáadáa.

Bí owó bá ṣẹ́kù lóṣù, ọ̀gá mi á máa kùn pé àwọn òyìnbó máa dín in kù lọ́dún tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mò ń tẹ̀ka fún àwọn tí kò wá, mo sì ń kó owó wọn sápò. Mo máa ń pààrọ̀ ìka kó má baà jọra. Mo tiẹ̀ lo ìka ẹsẹ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà náà ni.

Lọ́jọ́ kan, Sìfáwù pẹ́ kó tó dé. Ó ti bí ọmọbìnrin kan, Ràlíà, oyún rẹ̀ sì ti pé oṣù mẹ́fà. Mo ti tẹ̀ka fún un, mo ti kó owó rẹ̀. Mo ní owó ọkọ̀ ti tán.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ now. Mo yá transport tí mo fi wá ni o.”

Mo ní ṣé èmi ni mo ní kó lọ yá a ni.

Kò wá mọ́. Mo tẹ̀ka fún un lẹ́ẹ̀mẹta sí i. Nọ́ọ̀sì kankan ò pè é, torí nínú ìwé, ó ń wá. Gìrì tí ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń fà fún aláboyún mú un nílé rẹ̀ lóṣù kẹjọ. Òun àti ọmọ inú rẹ̀ ló jọ lọ.

Èmi àti ọ̀gá mi la gbé ìwé náà lọ bá ọkọ rẹ̀, kó lè rí i pé a ṣe tiwa. Ó wo àmì ìka mi nínú ìwé, ó rò pé ti ìyàwó òun ni. Mo pa ìwé náà dé.

Ajah là ń gbé báyìí. Ọkọ mi ló pe oníṣẹ́ kan wá lẹ táìlì sí kíṣìnì wa lọ́jọ́ Ẹtì náà. Bó ṣe rí mi, ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀.

“Àǹtí, ṣé ẹ rántí mi? Husband Sìfáwù ni. Ó purọ́ fún mi, Àǹtí. Ó ní ẹ ò fún òun ní transport, pé ìdí tóun ò fi lọ nìyẹn. Àfi bí mo ṣe rí ìka ẹ̀ nínú ìwé. Ta ló ń kówó yẹn fún?”

Ó ní nígbà tí wọ́n fẹ́ sin ín, tí Lèmọ́mù ní kí gbogbo èèyàn yáfi fún òkú, kí wọ́n forí jì í, òun nìkan ni kò lanu. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ṣì ń jẹ òun lọ́kàn. Ó wá bi mí bóyá kóun yáfi fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ó yẹ kí n sọ òótọ́ níbẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé, “Ẹ yáfi fún un, Bàbá Ràlíà. Èèyàn ṣáà ni.”

Ó tẹ́wọ́ láàárín sìmẹ́ǹtì, ó ń sunkún, ó forí ji ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní Ọlọ́run á san án fún mi.

Ẹ̀rù kíṣìnì yẹn ń bà mí. Bí mo bá ń gé àlùbọ́sà, mò ń gbọ́ ohùn Sìfáwù lẹ́yìn mi. Kì í bú mi. Owó ọkọ̀ ló ṣì ń tọrọ.

Bí mo bá sọ ọ́, ọkùnrin yìí á mọ̀ pé èmi ni mo pa ìyàwó àti ọmọ òun. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, Ràlíà, ọmọbìnrin tí Sìfáwù fi sílẹ̀, á dàgbà, á gbà pé òpùrọ́ ni ìyá òun. Lọ́jọ́ Sátidé yìí ni bàbá rẹ̀ ń bọ̀ wá parí iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un?