Ta Ló Mọ Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì Gouka?

Má fún mi ní àga, Ògúndèjì, mi ò wá jókòó, katikísì tó purọ́ nínú ẹ̀rọ mikró lójú gbogbo Gouka níbi àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì lánàá kò ní àga tí ìdí mi lè jókòó lé. Fàdá òyìnbó ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ṣọ́ọ̀ṣì yín láàádọ́ta ọdún sẹ́yìn? Ọwọ́ wo? Ọwọ́ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń po amọ̀?

Ìwé ìtàn ìjọ ló wí bẹ́ẹ̀, àbí? Ta ló kọ ìwé ọ̀hún, ṣé kì í ṣe Fàdá kan náà ni? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ó bá a, tiyín ti pé àádọ́ta. Moumouni ọ̀mọlé, bàbá tó bí mi, sọ fún un pé tí a bá mọ ìpele kan, ká jẹ́ kó gbẹ ká tó gbé òmíràn lé e, ó ní rárá, ọdún Àjíǹde ti dé tán. Ó lé bàbá mi lọ, òun àti àwọn ọmọ ìjọ mọ ọ́n dé òrùlé lọ́jọ́ mẹ́rin, òjò kan ṣoṣo rọ̀, gbogbo rẹ̀ wó lu ewúrẹ́ ìyá bàbá rẹ. Béèrè nílé yín. Ìgbà náà ni Fàdá gun kẹ̀kẹ́ dé ilé wa ní Bantè wá bẹ bàbá mi, tòun ti amọ̀ nínú irùngbọ̀n. Bàbá mi ló wá mọ èyí tó dúró dòní.

Kí ló wá dùn mí? Èmi ni mo fọ fìlà bàbá mi, tí mo mú un jókòó sábẹ́ àtíbàbà yín láti àárọ̀, mo ní wọn yóò pè é lónìí. Ẹ pe ẹni tó fún yín ní agogo, ẹ pe ẹni tó kun ilẹ̀kùn, ẹ ò pè é. Nígbà tí à ń lọ sílé, ó bi mí pé, "Wàsílátù, ṣé wọ́n ti pè mí ni, tí mi ò gbọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ lo sọ mí di òpùrọ́ níwájú bàbá mi, mi ò sì ní í gbàgbé rẹ̀.

Má bẹ̀ mí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, wá mú un nílé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí o pe orúkọ rẹ̀ sí i létí kó gbọ́, kó tó kú.

O ò lè yí ìtàn padà? Ó dáa. Ṣé o rí i bí ṣọ́ọ̀ṣì yín ṣe kọ ẹ̀gbẹ́ sí títì, tí kò bá ilé kankan dọ́gba? O ní Fàdá ló fẹ́ kí ìjọ kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ọmọ mi, mọ́sálásí nìkan ni bàbá mi ti kọ́ rí, bó ṣe mọ̀ ọ́n ló ṣe wọn ilẹ̀ tiyín. Kíbílà ni. Àádọ́ta ọdún lẹ fi kúnlẹ̀ kọjú sí Mẹ́kà, pẹ̀lú àgbélébùú lọ́rùn! Bí o bá tún gbàgbé orúkọ bàbá mi lọ́jọ́ Ìsinmi, bó bá di Jímọ̀, màá ní kí Lèmọ́mù Sanoussi wá gba mọ́sálásí rẹ̀ lọ́wọ́ yín.